Obìnrin tó Rán Aṣọ fún Sátẹ́láìtì

Láti kékeré ni wọ́n ti ń pè é ní Abẹ́rẹ́. Kì í ṣe nítorí iṣẹ́ ìránṣọ, torí nígbà yẹn kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń fi òwú bọ ojú abẹ́rẹ́. Ó kàn tín-ín-rín ni, débi pé tó bá dúró sẹ́yìn òpó iná, ẹni tó ń wá a á wá a tì. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló sọ ọ́ lórúkọ náà. Ẹ̀gbọ́n yìí ló tọ́ ọ dàgbà lẹ́yìn tí àwọn òbí wọn kú, òun ló fi owó oṣù nọ́ọ̀sì rán an lọ sí iléèwé, òun náà ló sì fà á lọ́wọ́ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ṣẹ́ nígbà tó hàn gbangba pé ìwé ò wọ̀ ọ́ lórí.

Kò sí ohun tó ṣe orí Abẹ́rẹ́. Ọkàn rẹ̀ ni kì í gbélé. Bí olùkọ́ bá ń sọ̀rọ̀ níwájú, ojú fèrèsé lòun máa ń wò, níbi tí àwọsánmà ti ń rọra fà kọjá lórí àwọn òrùlé. Bó ṣe rí náà nìyẹn nígbà tó dé ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ. Á máa rán aṣọ lọ, ẹsẹ̀ á máa lọ lábẹ́, tó bá ṣe díẹ̀, ẹsẹ̀ á dúró, ọwọ́ á dúró, ojú rẹ̀ á sì ti lọ síbi tí ẹnikẹ́ni ò lè bá a dé. Ìyá tó ń kọ́ ọ níṣẹ́ á fi téèpù ìwọnṣọ gbá a léjìká, á ní, "Abẹ́rẹ́, padà wálé." Gbogbo ṣọ́ọ̀bù á bú sẹ́rìn-ín. Òun náà á rẹ́rìn-ín, á tẹrí mọ́lẹ̀, á sì máa bá iṣẹ́ lọ.

Nígbà tó fi máa ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdókọ̀, ọwọ́ rẹ̀ ti mọ́ débi pé àwọn oníbàárà ti ń fojú fo àlá ojúmọmọ yẹn. Aṣọ iléèwé, aṣọ ìgbéyàwó, kọ́tìnì, ìbòrí àga, kò sí èyí tí kì í rán. Ṣọ́ọ̀bù náà ò fẹ̀. Ẹ̀rọ méjì ló wà níbẹ̀, àti tábìlì ìgéṣọ kan tí igun rẹ̀ ti dúdú níbi tó máa ń gbé áyọ́ọ̀nù lé, àti dígí gígùn kan tí wọ́n fi okùn so kọ́ ìṣó, tó jẹ́ pé bí bọ́ọ̀sì bá kọjá lóde, gbogbo ẹni tó wà nínú dígí náà á gbọ̀n rìrì. Kò lọ́kọ. Ẹnì kan wà nígbà kan, tó ń tún rédíò ṣe, ó lọ sókè òkun. Lẹ́tà rẹ̀ ń wá, lẹ́yìn náà wọn ò wá mọ́. Abẹ́rẹ́ kì í dá ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń gbé, yàrá méjì pẹ̀lú àgbàlá kékeré kan tí okùn ìsáṣọ gba àárín rẹ̀ kọjá.

Kọ́tìnì ló gbé e dé ilé iṣẹ́ òfuurufú.

Kò tíì pẹ́ nígbà yẹn tí ìjọba dá ilé iṣẹ́ kan sílẹ̀ tí yóò máa rí sí ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ojú òfuurufú. Àwọn èèyàn gbọ́ ọ nínú ìròyìn, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì gbàgbé. Àwọn awakọ̀ tó máa ń jókòó níwájú ṣọ́ọ̀bù Abẹ́rẹ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi sú wọn. Wọ́n ní iná tí èèyàn máa fi lọ ṣẹ́ẹ̀tì kò dúró, ìjọba wá ní òun ń lọ sójú ọ̀run. Ọ̀kan nínú wọn bi Abẹ́rẹ́ bóyá ó mọ iye tí ọkọ̀ ibẹ̀ máa gbà, kí òun tètè lọ gba nọ́ńbà ọ̀nà náà.

Ilé ìkẹ́rùsí àtijọ́ ni wọ́n sọ di ilé iṣẹ́ ọ̀hún, ní ìparí ọ̀nà ọlọ́dà kan tó di ilẹ̀ pupa lágbedeméjì. Wọ́n kùn ún ní funfun, wọ́n sì gbé abọ́ irin ńlá kan sórí rẹ̀, tó dojú kọ sánmà bí abọ́ ẹni tó ń retí òjò. Ọ̀gá Àgbà ibẹ̀ jẹ́ ọkùnrin kúkurú kan tó ti ṣiṣẹ́ lókè òkun títí irun rẹ̀ fi funfun, kí wọ́n tó ránṣẹ́ pè é wálé. Oòrùn ọ̀sán máa ń wọ yàrá ìpàdé rẹ̀ débi pé àwọn tó bá wá ṣèpàdé á máa fi fáìlì ṣíji bojú. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní kí wọ́n lọ pe aránṣọ.

Orí àga ni Abẹ́rẹ́ wà, tó ń wọn fèrèsé, nígbà tí ọ̀dọ́mọbìnrin kan yọjú sẹ́nu ọ̀nà. Ó wọ bàtà funfun tí kò ní ìdọ̀tí kankan, ohùn rẹ̀ sì kéré. Ẹnjiníà ni gbogbo ilé ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnjiníà pọ̀ níbẹ̀ bíi yanrìn. Ó dúró títí Abẹ́rẹ́ fi sọ̀kalẹ̀, ó kí i dáadáa, ó wá ní:

"Àǹtí, ṣé ẹ lè rán ohun tí kò ṣeé fọwọ́ kàn?"

Abẹ́rẹ́ wò ó bóyá ó ń ṣeré. "Tí kò bá ṣeé fọwọ́ kàn, báwo ni mo ṣe máa gbé e sábẹ́ ẹ̀rọ?"

"Ẹ máa wọ ìbọ̀wọ́ ni."

Bí ọ̀rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹnjiníà mú un gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan lọ, ó sì dúró níwájú fèrèsé onígíláàsì kan. Lódìkejì, nínú yàrá tó mọ́lẹ̀ kedere, ohun kan dúró lórí ẹsẹ̀ irin, tó ga tó kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ, tí wáyà kún inú rẹ̀ bí ìfun. Sátẹ́láìtì nìyẹn, Ẹnjiníà sọ, àkọ́kọ́ tí orílẹ̀-èdè yìí máa fọwọ́ ara rẹ̀ tò. Àwọn ilẹ̀ òkèèrè ló máa bá wọn gbé e gòkè, torí àwọn ò tíì ní rọ́kẹ́ẹ̀tì. Tó bá ti dé òkè, á máa yí ayé po, á máa ya àwòrán odò àti oko àti igbó ránṣẹ́. Àmọ́ ìhòòhò ló ṣì wà. Lókè lọ́hùn-ún, kò sí afẹ́fẹ́ tó máa pín ooru kiri. Ìhà tí oòrùn bá ń rí á gbóná bí áyọ́ọ̀nù, ìhà kejì á tutù ju yìnyín lọ, lára kan ṣoṣo, nígbà kan náà. Aṣọ ni yóò gbà á sílẹ̀: ìpele lórí ìpele láílọ́ọ̀nù dídán tó fẹ́lẹ́ ju èèpo àlùbọ́sà lọ, nẹ́ẹ̀tì tín-ín-rín láàárín ìpele kọ̀ọ̀kan, àti àwọ̀ wúrà lóde gbogbo rẹ̀. Wọ́n lè rà á lọ́wọ́ àwọn tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ lókè òkun. Ọ̀gá Àgbà ló ní rárá. Ó ní tí àwọn bá ra gbogbo rẹ̀ tán, kí làwọn máa sọ pé àwọn mọ̀ ọ́n ṣe?

Abẹ́rẹ́ ń gbọ́, àmọ́ kò gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ti lọ. Ó ti rí nǹkan náà níbi tó ti ń léfòó nínú òkùnkùn tó mọ́ tónítóní, òun nìkan, tó wọ aṣọ tí òun rán, tí oòrùn sì kọ lù ú lójijì. Ẹnjiníà rọra fọwọ́ tọ́ ọ. Abẹ́rẹ́ ní òun máa rán an.

Èyí tó kọ́kọ́ rán bàjẹ́. Bó ṣe ń rán aṣọ ìyàwó ló ṣe rán an, ojú òwú wẹ́wẹ́, tí gbogbo rẹ̀ so mọ́ra pinpin, tí etí rẹ̀ tẹ́ bí ojú omi. Ẹnjiníà gbé e yẹ̀ wò títí, ó ní ó rẹwà, ó ní kò sóhun tó máa pa sátẹ́láìtì kíákíá jù ú lọ. Gbogbo ibi tí ìpele bá ti fún mọ́ ìpele, ibẹ̀ ni ooru máa gbà rìn kọjá. Ihò abẹ́rẹ́ kọ̀ọ̀kan jẹ́ ilẹ̀kùn kan tó ṣí sílẹ̀.

"Ẹ jẹ́ kó tú díẹ̀, Àǹtí," ni Ẹnjiníà wí. "Ẹ rán an bí ẹni pé ìpele kan ò mọ̀ pé èkejì wà níbẹ̀."

Fún ẹni tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ kọ́ bí nǹkan ṣe ń lẹ̀ mọ́ra, ìyà ńlá ni èyí. Abẹ́rẹ́ lọ wá nẹ́ẹ̀tì ìborí ìyàwó, ó wá bébà dídán tí wọ́n fi ń wé ṣokoléètì, ó sì ń fi wọ́n kọ́ ọwọ́ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ débi iṣẹ́. Tó bá ti fà á le, á tú u. Tó bá tún le, á tún tú u. Àwọn awakọ̀ rí i tí gbogbo ara rẹ̀ ń kọ mànà pẹ̀lú bébà ṣokoléètì, wọ́n bi í bóyá èèrà ló ń rán aṣọ fún.

Ilé ni ọ̀rọ̀ náà ti le. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó ti ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wú bọ inú omi gbígbóná, ó wá ní:

"Wọ́n ní kí lò ń rán níbẹ̀ yẹn?"

"Aṣọ ni, ẹ̀gbọ́n mi."

"Fún ta?"

"Fún sátẹ́láìtì."

Ẹ̀gbọ́n kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní, "Lónìí yìí, aláboyún méjì ni mo tẹ́ sórí bẹ́ẹ̀dì kan. Ọ̀kan dorí sókè, èkejì dorí sísàlẹ̀. Ìwọ wá ń daṣọ bo irin."

Abẹ́rẹ́ sọ ohun tí wọ́n sọ fún un, pé á máa wo odò láti òkè, kí wọ́n lè mọ̀ tí omi bá fẹ́ kún, kó tó kún. Ẹ̀gbọ́n ní odò tó kún, ojú fèrèsé wọ́ọ̀dù lòun ti ń wò ó. Abẹ́rẹ́ dìde. Ó mú aṣọ ìnura wá, ó kúnlẹ̀, ó nu ẹsẹ̀ náà gbẹ, ìka kan lẹ́yìn ìkejì. Nínú ọkàn rẹ̀, ó mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n òun kò purọ́. Ó sì mọ̀ pé ilẹ̀ ọ̀la tó bá mọ́, òun máa padà lọ.

Ó padà lọ. Àwọn oṣù tó lò nínú yàrá funfun yẹn, tí èèyàn bá ní kó sọ wọ́n, kì í rí wọn sọ dáadáa, bí èèyàn kì í ti í rí àlá sọ. Wọ́n á wé irun rẹ̀, wọ́n á bo ẹnu àti imú rẹ̀, wọ́n á ní kó má fi àtíkè para láti ilé. Tó bá ti wọlé, ariwo ayé á kú. Ìró afẹ́fẹ́ nìkan ni yóò máa dún, pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́, bí ẹni tó ń sùn ní yàrá kejì. Láílọ́ọ̀nù dídán á tẹ́ síwájú rẹ̀ lórí tábìlì, tó bá sì tẹ̀ síwájú, á rí ojú ara rẹ̀ nínú rẹ̀, tó ń fẹ̀, tó ń sún kì, tó ń fò lọ. Ohun tó yà á lẹ́nu jù ni pé kò sẹ́ni tó ń pè é padà wálé níbẹ̀. Ọkàn gbogbo wọn ni kò sí nílé. Ọ̀gá Àgbà fúnra rẹ̀ á máa sọ̀rọ̀ lọ, á kàn dákẹ́ sáàárín gbólóhùn, á máa wo ògiri, àwọn yòókù á sì dúró dè é wọ́ọ́rọ́wọ́ títí á fi dé. Abẹ́rẹ́ rò ó pé bóyá irú òun wà káàkiri láti ọjọ́ yìí, pé wọn ò kàn fi wọ́n sínú ilé kan náà ni.

Nígbà tí aṣọ náà pé, wọ́n gbé sátẹ́láìtì sínú àpótí irin ńlá kan, wọ́n fa gbogbo afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, wọ́n sì mú un gbóná, wọ́n mú un tutù, bí yóò ṣe rí lókè gẹ́lẹ́. Abẹ́rẹ́ jókòó sórí bẹ́ǹṣì lóde, ọwọ́ lẹ́rán, bí ẹni tó gbé aláìsàn wá sílé ìwòsàn. Ẹnjiníà jáde wá, ó yọ ìbomú rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. Aṣọ náà yege. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà, wọ́n kan sátẹ́láìtì náà mọ́ inú àpótí pákó, wọ́n sì fi ọkọ̀ òfuurufú gbé e lọ sí ilẹ̀ ibi tí rọ́kẹ́ẹ̀tì wà.

Ọjọ́ tó gòkè, gbogbo òṣìṣẹ́ kóra jọ sínú yàrá ìjẹun níwájú tẹlifíṣọ̀n. Rọ́kẹ́ẹ̀tì náà yọ iná, ó rọra gbéra, bí ẹni pé kò fẹ́ lọ, ó sì lọ. Ọ̀gá Àgbà yọ awò ojú rẹ̀, ó ń fi etí ṣẹ́ẹ̀tì nù ún, ó nù ún títí. Ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tó yí ayé po tó sì kọjá lórí ilé fún ìgbà àkọ́kọ́, abọ́ irin orí òrùlé rọra yí tẹ̀ lé e, wọ́n sì gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú ẹ̀rọ: ìró kan tó ń dún, tó ń dá, tó ń dún, bí ìrẹ̀ tó wà lábẹ́ àpótí. Ìró yẹn ni Abẹ́rẹ́ gbé délé. Ó gbìyànjú láti fi ẹnu ṣe é fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ní kó lọ mumi.

Àwòrán kan ṣoṣo ló rán wá. Àwọsánmà ló kún inú rẹ̀, àyàfi níbì kan tí àwọsánmà ti là díẹ̀, tí odò yọjú, tó ń dán bí okùn tó já sílẹ̀. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ sórí bébà ńlá, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀, kódà obìnrin tó ń nu ilẹ̀ á dúró níwájú rẹ̀ pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́. Lọ́jọ́ kan, sátẹ́láìtì náà kọjá lórí ilé, kò fọhùn. Wọ́n dúró dè é kó tún yí po. Kò fọhùn. Wọ́n pè é fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀.

Ìwé ìròyìn ò ṣàánú wọn. Ọ̀kan ya àwòrán àpótí aláwọ̀ wúrà kan tó jábọ́ sórí oko àgbàdo. Abẹ́rẹ́ ò bá àwọn awakọ̀ jà nítorí ọ̀rọ̀ náà, ó kàn ń rán kọ́tìnì rẹ̀. Ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn, kò sọ ọ́ fún ẹnì kankan. Bó bá ti sùn, á lá àlá pé aṣọ náà ti tú ní igun kan, pé ó ń fẹ́ lẹ̀lẹ̀ nínú òkùnkùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ti sọ fún un pé kò sí afẹ́fẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí kò lè mú un mọ́ra mọ́, ó wọ bọ́ọ̀sì lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó sì bá Ẹnjiníà níbi tó jókòó sí nílẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀, tó ń jẹ búrẹ́dì lásán.

"Ẹ sọ òótọ́ fún mi," ni Abẹ́rẹ́ wí. "Ṣé aṣọ yẹn ni?"

Ẹnjiníà gbọn èérún búrẹ́dì kúrò lára. Ó dìde, ó mú un wọ yàrá kọ̀ǹpútà, ó fi ìlà kan hàn án lójú ẹ̀rọ. Ó ní ooru inú sátẹ́láìtì nìyẹn, láti ọjọ́ tó ti gòkè títí dé ọjọ́ tó dákẹ́. Ìlà náà tẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bí etí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀.

"Kí ló wá pa á?"

"A rò pé bátìrì ni. A ò mọ̀ dájú, ó sì lè jẹ́ pé a ò ní mọ̀." Ẹnjiníà fọwọ́ tọ ojú ẹ̀rọ náà, níbi tí ìlà ti parí. "Àmọ́ ara rẹ̀ ò gbóná, kò sì tutù. Ó kú nínú aṣọ tó dáa, Àǹtí."

Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ gbé Abẹ́rẹ́, ẹkún ló tẹ̀ lé e. Ẹnjiníà náà ti ń sunkún láti àná, torí náà kò ṣòro fún un láti bá a dá sí i. Wọ́n jọ jẹ èyí tó kù nínú búrẹ́dì.

Ọjọ́ yẹn ló gbọ́ pé nǹkan náà kò jábọ́. Ó ṣì ń yí ayé po. Ní àwọn ìrọ̀lẹ́ kan, nígbà tí oòrùn bá ti wọ̀ nílẹ̀ tí kò sì tíì wọ̀ lókè, aṣọ aláwọ̀ wúrà yẹn á gba ìmọ́lẹ̀, ẹni tó bá sì mọ ibi tó máa wò lè rí i. Ẹnjiníà yá a ní awò olójú méjì tí wọ́n fi ń wo ọ̀nà jíjìn, ó sì ń fi fóònù sọ fún un tí ìrọ̀lẹ́ tó dáa bá ń bọ̀. Abẹ́rẹ́ á jáde sí àgbàlá, á gbé àwọn aṣọ orí okùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á gbójú sókè. Ìràwọ̀ kékeré kan tí kò ṣẹ́jú á rọra gba orí òrùlé aládùúgbò yọ, á rìn kọjá láìyára, láìdúró, á sì wọ inú òkùnkùn bí ẹni tó ti ilẹ̀kùn pa jẹ́jẹ́.

Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé àga jáde tẹ̀ lé e. Ó ní ooru ló mú nínú ilé. Ó gba awò náà, ó ń wá a kiri sánmà.

"Èwo ni nínú wọn?"

"Èyí tó ń rìn."

Ẹ̀gbọ́n rí i. "O ní ó ti kú?"

"Ó ti kú."

"Ó sì ń rìn." Ó mi orí. "Níbi iṣẹ́ tèmi, tí wọ́n bá ti kú, wọn kì í rìn mọ́."

Abẹ́rẹ́ rẹ́rìn-ín títí ikùn fi dùn ún. Ẹ̀gbọ́n ò gbé awò náà kúrò lójú títí nǹkan náà fi wọlé. Ó ní ó lẹ́wà. Ó ní àmọ́ àwọn ṣì nílò bẹ́ẹ̀dì. Abẹ́rẹ́ ní òun mọ̀. Wọ́n jókòó síbẹ̀, kò sì sí ìjà láàárín wọn.

Àwọn ọdún tó tẹ̀ lé e gbẹ. Ìjọba yí padà, àwọn tuntun ò sì fẹ́ gbọ́ orúkọ òfuurufú sétí. Ọ̀gá Àgbà fẹ̀yìn tì. Ọjọ́ tó ń lọ, ó kí gbogbo yàrá lọ́kọ̀ọ̀kan, títí kan èyí tí kò sẹ́nì kankan nínú rẹ̀. Àwọn ẹnjiníà bẹ̀rẹ̀ sí í bá ọkọ̀ òfuurufú lọ, ọ̀kan lónìí, ọ̀kan lọ́la, títí ìró bàtà ẹnì kan fi máa ń dún láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ dé òpin. Wọ́n pe Ẹnjiníà náà láti òkè òkun. Ó ń bọ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù Abẹ́rẹ́ nígbà náà, á ní òun fẹ́ rán aṣọ, àmọ́ kó kàn lè jókòó ni. Á máa wo àwọn bọ́ọ̀sì. Lọ́jọ́ kan, ó bi Abẹ́rẹ́ pé kí ló dé tí òun ò fi lè lọ bí àwọn yòókù.

Abẹ́rẹ́ ronú sí i dáadáa, téèpù lọ́rùn.

"N ò mọ̀," ló wí. "Ẹ gbé apá yín sókè kí n wọn yín."

Ẹnjiníà gbé apá rẹ̀ sókè. Kò lọ. Ó dúró pẹ̀lú àwọn díẹ̀ tó kù, wọ́n ń gba àwòrán láti ara sátẹ́láìtì ilẹ̀ òkèèrè, wọ́n ń fún àwọn tó ń rí sí oko àti odò, wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ yunifásítì. Nígbà tí ìjọba mìíràn tún dé, tí mínísítà kan sì béèrè bóyá ó ku ẹnì kankan tó mọ iṣẹ́ náà, àwọn wọ̀nyí ló nawọ́. Ẹnjiníà ni wọ́n fi jẹ ọ̀gá àgbà tuntun. Ẹni àkọ́kọ́ tó pè lórí fóònù ni aránṣọ rẹ̀.

Lọ́tẹ̀ yìí, Abẹ́rẹ́ nìkan kọ́ ló wà nídìí tábìlì. Wọ́n fún un ní àwọn aránṣọ obìnrin méjì tó máa kọ́. Ọwọ́ wọn mọ́, wọ́n sì ń rán an le koko, òun náà ń tú u, ó ń ní kí wọ́n jẹ́ kó mí. Ọ̀kan nínú wọn máa ń wò lọ réré, abẹ́rẹ́ lọ́wọ́, ẹnu rẹ̀ á là díẹ̀. Abẹ́rẹ́ kì í pè é. Á dúró dè é títí á fi dé, lẹ́yìn náà wọ́n á jọ máa bá iṣẹ́ lọ.

Sátẹ́láìtì kejì gòkè lọ́dún kan tí òjò pọ̀. Nígbà tó kọ́kọ́ kọjá tó sì fọhùn, Abẹ́rẹ́ ò sí níbẹ̀. Ó wà ní ṣọ́ọ̀bù, ó kúnlẹ̀, ó fi píìnì sẹ́nu, ó ń gbé etí aṣọ ìyàwó kan sókè. Fóònù dún. Kò lè sọ̀rọ̀ nítorí píìnì. Ó kàn ń gbọ́ ohùn Ẹnjiníà, àti lẹ́yìn ohùn rẹ̀, ìró kan tó ń dún, tó ń dá. Ìyàwó náà bi í pé kí ló dé. Ó yọ píìnì lẹ́nu, ó ní kó má mira.

Sátẹ́láìtì náà fọhùn lọ́sẹ̀ kejì, ó fọhùn lóṣù kejì. Àwòrán ń wá lójoojúmọ́. Nígbà tí odò bẹ̀rẹ̀ sí í kún lókè, wọ́n rí i bó ṣe ń fẹ̀, wọ́n sì kó àwọn tó ń gbé létí rẹ̀ kúrò ṣáájú. Ẹ̀gbọ́n Abẹ́rẹ́ ti fẹ̀yìn tì nígbà náà, àmọ́ àwọn nọ́ọ̀sì ìsàlẹ̀ odò pè é láti sọ fún un bí wọ́n ṣe gbé gbogbo aláìsàn jáde lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Ó sọ ọ́ fún Abẹ́rẹ́ nígbà tí wọ́n ń jẹun, bí ẹni tó ń sọ bí oúnjẹ ṣe wọ́n tó lọ́jà. Ó fi kún un pé orí àga ni wọ́n gbé àwọn kan jókòó níbi tí wọ́n kó wọn lọ, nítorí kò sí bẹ́ẹ̀dì.

Kò pẹ́ sígbà yẹn tí Ẹnjiníà sọ fún Abẹ́rẹ́ pé sátẹ́láìtì náà máa ya ìlú wọn lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, tí sánmà bá mọ́. Abẹ́rẹ́ sọ ọ́ nílé. Ẹ̀gbọ́n ní kí ló kan òun níbẹ̀.

Lọ́jọ́ náà, sánmà mọ́ roro. Abẹ́rẹ́ ti ṣọ́ọ̀bù jáde nígbà tí ó tó àkókò, ó dúró láàárín ibùdókọ̀, láàárín àwọn tó ń wọkọ̀ àti àwọn tó ń sọ̀. Kò sóhun tó rí lókè àyàfi ìmọ́lẹ̀. Ó tún ìborí rẹ̀ ṣe, ó na ẹ̀yìn rẹ̀ tọ́, ó sì dúró bẹ́ẹ̀ pẹ́ díẹ̀. Awakọ̀ kan fun fèrè fún un pé kó kúrò lọ́nà.

Nígbà tó délé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà ní àgbàlá, lórí àga. Ó ti gbá ilẹ̀. Ó wọ aṣọ aláwọ̀ omi òkun tó máa ń wọ̀ lọ sí òde pàtàkì, ó sì para dáadáa.

"Ṣé ó ti kọjá?" ló bi Abẹ́rẹ́.

"Ó ti kọjá, ẹ̀gbọ́n mi."

"Ó rí mi?"

Abẹ́rẹ́ jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga náà. Ó ṣàlàyé pé láti òkè yẹn, èèyàn kéré jù, pé gbogbo àgbàlá yìí ò lè ju àmì kan lọ nínú àwòrán náà, bí ojú abẹ́rẹ́, bóyá kó má tilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n gbọ́ ọ tán. Ó wo ilẹ̀ tó gbá, ó wo aṣọ rẹ̀, ó sì tún fẹ̀yìn ti àga.

"Àmọ́ mo wà nínú ẹ̀," ló wí.

"Ẹ wà nínú ẹ̀."

Ọ̀sán ṣì wà. Kò sí èyí tó dìde nínú àwọn méjèèjì.